A Padà sí Ẹsẹ̀ Afárá Blenheim

Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rìn lórí afárá Blenheim rí ṣáájú ọdún 2011, tó wá padà síbẹ̀ lónìí, gíga rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kíyè sí. Ti tẹ́lẹ̀ kò ga tó báyìí lórí omi. Ìyókù jọra bí ìbejì: pákó lára, òrùlé lórí, ẹnu ọ̀nà méjì tó lanu sílẹ̀ bí ihò imú màlúù. Odò náà ni, ilẹ̀ náà ni. Igi ló yàtọ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, ọdún 2018 ni wọ́n tò ó parí. Ti tẹ́lẹ̀, ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, omi sì ti gbé e lọ. Bó ṣe lọ, àti ìdí tí wọ́n fi tún un kọ́ nígbà tí kò sí ẹnì kan tó nílò rẹ̀ láti fi sọdá odò, ni mo fẹ́ rò fún yín.

North Blenheim ni orúkọ abúlé náà, ní káúńtì Schoharie, ìpínlẹ̀ New York. Ẹ má ronú kan ilé gogoro o. Ìgbèríko ni: pápá koríko, màlúù, àgbàdo, òkè Catskill lẹ́yìn. Orí òkè yẹn ni odò Schoharie ti ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń ṣàn lọ sí àríwá títí tó fi já sínú odò Mohawk. Odò tó bá ti orí òkè wá, ẹ má fi ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ tan ara yín jẹ. Lónìí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè máa yọrí, bó bá di ọ̀la ó ti wọ oko olóko.

Láti 1828 ni wọ́n ti fún ilé iṣẹ́ kan láṣẹ láti kọ́ afárá síbẹ̀, kí wọ́n sì máa gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà á kọjá. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1850, wọ́n ránṣẹ́ sí gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Vermont, Nicholas Powers. Pittsford ni wọ́n ti bí i ní 1817. Nígbà tó fẹ́ gba iṣẹ́ afárá àkọ́kọ́ rẹ̀ nílùú bàbá rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún 21, àwọn àgbà ìlú ò sì fẹ́ fi igi wọn dánra wò lọ́wọ́ ọmọdé. Bàbá rẹ̀ ló dúró fún un, tó ní igi yòówù tí ọmọ òun bá bàjẹ́, òun ni kí wọ́n wá gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ òun. Afárá yẹn pẹ́ láyé ju bàbá àtọmọ lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n pè é sí ní Blenheim kì í ṣe kékeré. Láti bèbè kan dé èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 210, wọn ò sì ní fi òpó kankan sáàárín omi. Bí ẹ bá ka orí àti ìdí afárá mọ́ ọn, ó di 232. Ẹni tó bá mọ ìbú pápá bọ́ọ̀lù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Gbogbo èyí sì jẹ́ igi lásán, pẹ̀lú bóòtù díẹ̀ tó so wọ́n pọ̀. Mo rí ọgbọ́n tó wà nídìí àìfi-òpó-sí-i náà: odò tó ń gbé yìnyín dídì àti ìtì igi bọ̀, ohunkóhun tó bá gbẹ́sẹ̀ sáàárín rẹ̀ ló máa kọlù.

Férémù igi mẹ́ta ni Powers fi gbé e dúró: ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ìkẹta láàárín, tó pín ọ̀nà sí méjì kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ má baà fẹnu kora. Ti àárín yìí ni bàbá wọn. Ó ga ju àwọn méjì yòókù, ó lọ kan góńgó òrùlé, igi ńlá kan tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ sì wà nínú rẹ̀, ó gbéra nísàlẹ̀ lápá kan, ó fẹ̀yìn kan òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì.

Férémù yẹn kì í ṣe àrà tí Powers fúnra rẹ̀ dá. Ọ̀gágun kan tó ń ṣe ẹnjiníà, Stephen Long, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀ ní 1830. Ẹ fojú inú wo àpótí onígun mẹ́rin tó tẹ̀ léra wọn láti bèbè dé bèbè, igi sì dábùú ara wọn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù níbẹ̀ jẹ́ nǹkan kékeré tí ẹni tó ń kọjá kì í rí: igi pẹlẹbẹ tí wọ́n gbẹ́ létí kan kó mú, tí wọ́n wá fi òòlù gbá wọ ibi tí igi dídábùú ti pàdé igi ìsàlẹ̀. Bó ṣe ń wọlé ni gbogbo férémù ń le. Kí kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tó gorí afárá rárá, igi kọ̀ọ̀kan ti di ara mọ́ ìkejì rẹ̀, kò sí èyí tó lè mì. Bó bá pẹ́ tí igi gbẹ, tó sún kì, ẹ ó gbé òòlù, ẹ ó tún un gbá. Onísákárà mọ nǹkan tí mò ń wí: èèkàn tó tò yí ìlù rẹ̀ ká ló ń mú awọ le, nígbà tí ohùn bá dẹ̀, èèkàn ló máa tì.

Powers kò kọ́ ọ lórí omi. Ó kọ́kọ́ tò ó lórí ilẹ̀ lẹ́yìn abúlé, kó lè rí i pé gbogbo ẹnu igi bá ara wọn mu, ó tú u palẹ̀, ó wá kó o lọ sẹ́bàá odò láti tún un tò lórí àwọn igi tí wọ́n rì mọ́ inú omi láti gbé e dúró títí yóò fi parí. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Irú afárá wo ni kò ní ẹsẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ àwọn igi ìsàlẹ̀ yẹn kúrò, ìtàn tí wọ́n ń sọ ládùúgbò títí dòní ni pé Powers gun orí òrùlé lọ, ó jókòó sí góńgó rẹ̀, ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, ó ní bí afárá bá máa wó, òun kò fẹ́ rí ojúmọ́ ọ̀la. Àwọn tó ń sọ ọ́ á ti fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kò burú. Wọ́n yọ igi. Afárá kò mira.

Mo ti bá ẹni tó rò pé torí yìnyín ni wọ́n ṣe ń bo irú afárá bẹ́ẹ̀ lórí pàdé, mo sì ti gbọ́ pé kí ẹṣin má baà rí omi kí ẹ̀rù bà á ni. Òjò ni. Afárá igi tó wà ní gbangba, bóyá lá fi lo ju ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nílẹ̀ wọn lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ti rí afárá ìtì igi lójú ọ̀nà oko wa náà á ti mọ̀ ọ́n: àárín igi kọ́ ló ń kọ́kọ́ jẹrà, ibi tí igi méjì ti fara kanra ni, níbi tí omi máa ń lúgọ sí lẹ́yìn tí òjò bá ti dá. Òrùlé àti pákó ẹ̀gbẹ́ wà láti fi gba ìyà yẹn jẹ. Pákó bá jẹrà, ẹ ṣí i, ẹ kan òmíràn. Férémù inú ò mọ̀. Afárá Philadelphia tó parí ní 1805, iṣẹ́ Timothy Palmer, ni wọ́n kọ́kọ́ bò báyìí ní Amẹ́ríkà, adájọ́ kan, Richard Peters, ló sì mú ìmọ̀ràn náà wá. Ti yìnyín tiẹ̀ wá pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà òtútù, ọkọ̀ tí kò ní táyà, tó ń fà nílẹ̀ lórí yìnyín, ni ẹṣin ń wọ́ kiri níbẹ̀, inú afárá olórùlé sì gbẹ furúfurú. Iṣẹ́ ẹnì kan ni láti máa fi ṣọ́bìrì kó yìnyín wọ inú afárá kí ọkọ̀ lè rí nǹkan yọ̀ lé lórí.

Ní 1869 odò gbéra sọ. Kò rí afárá wó, ló bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ, ó gbẹ́ ojú ọ̀nà tuntun fún ara rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ó fi afárá sílẹ̀ tí ìdí rẹ̀ kan ń wo omi. Wọ́n ní láti fi afárá kékeré mìíràn dí àlàfo yẹn. Bí mo bá jẹ́ ará ibẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mi ò bá ti mọ̀ pé ìjà tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ní ọwọ́ igi nínú. Ọ̀rọ̀ àyè ni. Odò náà ń wá àyè.

Ní 1891 káúńtì gba afárá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ olówó ibodè. Ìgbà tó di 1932, mọ́tò ti gbòde, wọ́n sì kọ́ afárá onírin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ibi tí wọn ò ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí arúgbó afárá nígbà náà: ẹ wó o, ẹ kó pákó rẹ̀ fún aláàrò, ó tán. Àwọn aṣojú káúńtì Schoharie jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bí ohun ìtàn fún ará ìlú. Ìpinnu yẹn ni mo kà sí ńlá jù nínú gbogbo ìròyìn yìí, kódà ju jíjókòó Powers sórí òrùlé lọ. Àsìkò tí ọ̀wọ́n owó ń fi ojú Amẹ́ríkà rí màbo ni, kò sì sí ẹni tí ì bá bú wọn tí wọ́n bá fi igi náà dáná.

Láti ọjọ́ náà, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń rìn ín. Òfin dé e ládé ní 1964, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ohun ìtàn tó ṣe pàtàkì jù lórílẹ̀-èdè náà, wọ́n ń fi pè é ní ọ̀kan nínú àwọn afárá olórùlé tó nasẹ̀ gùn jù lọ láìní òpó láàárín. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ rárá, ní àwọn ọdún 1930, àwọn ayàwòrán ilé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, tí ìjọba wá iṣẹ́ fún lábẹ́ ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1933, ti wá wọn afárá náà, wọ́n ti ya á sínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí àwòrán yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011. Ìjì Irene ti ń gun etíkun bọ̀ láti gúúsù. Ìlú New York ti gbára dì, wọ́n ti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ pa torí rẹ̀. Ìjì náà dé ọ̀hún, agbára rẹ̀ ti rọ̀, àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Àṣé orí òkè ló fẹ́ da ẹrù rẹ̀ sí. Àwọn ibì kan lórí òkè Catskill gba òjò tó lé ní ínǹṣì 11. Lókè odò sí North Blenheim ni dáàmù Gilboa wà, tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1920 láti fi sé omi mímu fún ìlú New York. Omi bo dáàmù náà, ó ń dà kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n fọn fèrè ìkìlọ̀ lẹ́bàá odò, kí gbogbo ará ìsàlẹ̀ sá gòkè, torí bí dáàmù yẹn bá ya, kò sẹ́ni tó máa ròyìn. Dáàmù kò ya. Odò tó gba orí rẹ̀ kọjá ti tó láti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Afárá wà lófìfo. Kò sẹ́ni tó bá a lọ.

Ohun tó pa á ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa, torí àtilẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé igi ni, igi ti gbó, kí la tún ń retí? Férémù náà ti gbé ara rẹ̀ fún ọdún 156. Lọ́jọ́ tó lọ, kì í ṣe ẹrù ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Omi ló gòkè dé ara rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń dójú ti afárá olórùlé bíi kí omi kan pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pákó tó fi ń lé òjò, ògiri ló di fún odò: ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ, ó fìdí dábùú omi tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ìtì igi tó gbé láti òkè. Ẹ wá rántí pé igi kì í rì. Bí omi ṣe ń ti í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló tún ń gbé e sókè. Kò sí ohun tó dè é mọ́ òkúta ìdí rẹ̀ bí kò ṣe ìwúwo ara rẹ̀, nígbà tí omi bá sì ti bá a ru ìwúwo yẹn, ó tán. Ó kúrò lórí ìdí, ó fọ́, àjákù rẹ̀ bá odò lọ. Lọ́jọ́ kan náà ní Vermont, odò gbé afárá olórùlé Bartonsville, tí wọ́n kọ́ ní 1870, ẹnì kan sì ń ya á ní fídíò lọ́wọ́: ó gbéra lódindi bí ilé tó fẹ́ rìn, kó tó wọ omi.

Ẹni tó bá ṣì ń dá igi lẹ́bi, odò Schoharie yìí kan náà ni mo máa fi dá a lóhùn. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó tó já sí Mohawk, ìpínlẹ̀ kọ́ afárá kọnkéré àti irin sí ojú ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n ṣí i ní 1954. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin 1987, àkúnya omi gbẹ́ ilẹ̀ kúrò nídìí òpó rẹ̀ kan tó dúró láàárín odò, òkúta tó yẹ kó máa dáàbò bo ìdí náà kò sì tó nǹkan mọ́. Òpó yẹ̀, afárá já, mọ́tò márùn-ún wọlé tẹ̀ lé ara wọn, èèyàn 10 kú. Ọdún 33 péré ni afárá náà. Ó ní ẹsẹ̀ nínú omi, ẹsẹ̀ yẹn ni omi mú. Afárá Powers kò ní ẹsẹ̀ tí omi lè mú. Omi ní láti dúró dìgbà tí òun fúnra rẹ̀ máa ga tó o.

Lẹ́yìn ìjì, ilé ti lọ, oko ti lọ, ọ̀pọ̀ àwọn ará àfonífojì náà ń wá ibi sùn. Ó lójú ẹni tó máa sọ pé ká tún afárá tí ẹnikẹ́ni kì í gbé mọ́tò gbà kọ́ lákòókò yẹn. Síbẹ̀ wọ́n sọ ọ́. Owó ìrànwọ́ àjálù wà lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, àwọn tó ń pín in sì kọ́kọ́ kọ̀: ohun tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni owó náà wà fún, èyí sì ti fẹ̀yìn tì láti 1932. Káúńtì pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n tún kọ̀. Wọ́n tún lọ. Mo gbà pé ẹni tó kọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ìwé òfin ló ń kà. Àmọ́ iṣẹ́ tí afárá náà ń ṣe láti 1932 kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń fi mọ́tò wọ̀n: ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọ wò, orúkọ rẹ̀ sì ni abúlé náà fi ń jẹ́ abúlé létí àlejò. Níkẹyìn owó náà jáde. Gbogbo rẹ̀ náni ju mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là lọ.

Kí òòlù kan tó dún, ìjọba àpapọ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ohun ìtàn ní 2015. Òkú kì í jẹ oyè. Àwọn kan bínú sí i, èmi ò rí ìbínú níbẹ̀.

Ní 2017 iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àwòrán àwọn aláìníṣẹ́ ọdún 1930 ti wúlò nìyí: ìwọ̀n igi wà nínú ìwé, bí ẹnu wọn ṣe pàdé wà níbẹ̀. Férémù mẹ́ta, ti àárín ga jù, igi tó tẹ̀ bí ọrun. Wọ́n tò ó lórí ilẹ̀ lẹ́bàá odò gẹ́gẹ́ bí Powers ti ṣe, wọ́n sì fi ẹ̀rọ rọra gbé e wá sórí ìdí tuntun, èyí tí wọ́n mú ga ju ti àtijọ́ lọ kí odò lè rí àyè kọjá. Powers ò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn igi pẹlẹbẹ ti Long yẹn, ọmọ aráyé ṣì ní láti fi ọwọ́ gbá wọn wọlé.

Ṣé afárá kan náà ni? Rárá, mi ò ní purọ́ torí ó wù mí. Ẹ̀dà ni. Ní California, wọ́n ní afárá Bridgeport, tí wọ́n kọ́ ní 1862, tí òun náà nasẹ̀ gba orí odò láìní òpó, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ti Blenheim. Wọ́n tì í pa ní 2011 kan náà torí ó ti ń ṣe gẹ̀gẹ̀rẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2021. Nítorí ó ṣì wà ní ìdúró, igi tó bá ṣì le ni wọ́n dá padà sáyè rẹ̀. Ìyẹn lẹ lè pè ní arúgbó tó gba ìwòsàn. Ti Blenheim, ọmọ tó jọ bàbá rẹ̀ ni, tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú rẹ̀. A kì í torí pé ọmọ kì í ṣe bàbá ká má kí i.

Bó bá wá jẹ́ igi tí ọwọ́ Powers kàn lẹ fẹ́ fọwọ́ kàn, ọ̀nà Vermont lẹ máa mú pọ̀n. Ní Shrewsbury, lórí odò kan tí wọ́n ń pè ní Cold River, afárá Brown wà, tó kọ́ ní 1880, nígbà tó ti lé ní 60 ọdún. Àpáta ńlá kan wà ní bèbè. Kàkà kó fọ́ ọ, ó gbé orí afárá lé e. Irene dé ibẹ̀ náà lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó sì bà á jẹ́ díẹ̀. Afárá náà ṣì wà lórí àpáta, mọ́tò ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan.